Ta Ló Ni Nọ́ńbà Tó Wà Nínú Fóònù Wa?

Ẹ ṣí fóònù yín báyìí, kí ẹ wo iye orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹlòmíì á bá 600, ẹlòmíì á bá 1,400, ẹni tó sì ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè bá 3,000. Bàbá Gáàsì wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì Ojúlé Kejì wà níbẹ̀. Túndé Unilag, Túndé Camp, àti Túndé kan ṣá tí a ò rántí ibi tí a ti pàdé ẹ̀ mọ́, gbogbo wọn wà níbẹ̀. "Má Gbé E" wà níbẹ̀, "Má Gbé E 2" sì tẹ̀ lé e. Ká sòótọ́, àwọn tí a ò lè dá ohùn wọn mọ̀ pọ̀ ju àwọn tí a lè dá ohùn wọn mọ̀ lọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí rọrùn láti bi, àmọ́ ìdáhùn ẹ̀ ò rọrùn rárá: gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, ta ló ni wọ́n? Owó wa la fi ra fóònù. Owó wa la fi ń ra dátà. Ọwọ́ wa la fi tẹ orúkọ yẹn síbẹ̀. Ṣé ìyẹn wá sọ nọ́ńbà Ìyá Ìbejì di tiwa, débi pé a lè fi ṣe ohun tó bá wù wá, ká fún ẹni tó bá wù wá?

Ọ̀pọ̀ wa ò bi ara wa ní ìbéèrè yìí rí, torí kò jọ ìbéèrè ìwà rere. Ó jọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú fóònù lásán: ká yọ èyí tó ti di méjì, ká tún èyí tó rí jágbajàgba ṣe, kí ààyè lè wà. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ áàpù jẹun mọ̀ pé ìtọ́jú fóònù àti ìwà ọmọlúàbí ò jìnnà síra mọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Bí orúkọ ṣe ń wọlé

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lóṣù Kẹjọ ọdún 2001, inú síìmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́jú nọ́ńbà sí. Síìmù kì í sábà gbà ju 250 orúkọ lọ, lẹ́tà tó sì ń gbà fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ò tó nǹkan. Tó bá ti kún, ó ti kún nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ tuntun sí i á jókòó, á ronú: ta ni kí n yọ? Àìsí ààyè ló ń bá wa ṣe ìpinnu nígbà náà, ó sì ń fipá mú wa bi ara wa ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí wa.

Lónìí, kò sẹ́ni tó ń bi wá. Bí fóònù bá jábọ́ sínú omi, a ó ra òmíì, a ó tẹ ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà wa sí i, gbogbo orúkọ á sì tún yọjú bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Orúkọ púlọ́ńbà tó bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe nílé tí a ti kó kúrò láti ọdún 2014 ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí a kọ bíi 0803 àti ìkan náà tí a kọ bíi +234803 á dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni méjì, àfi tí ẹnì kan bá kọ́ kọ̀ǹpútà pé òdo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn àti +234 ń ṣiṣẹ́ kan náà. Bí ìwé orúkọ ṣe ń wú nìyẹn, láìsí pé ọ̀rẹ́ wa ń pọ̀ sí i.

Lọ́dún 1992, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robin Dunbar ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbá kan kalẹ̀ pé iye èèyàn tí ọpọlọ ẹnì kan lè bá ní àjọṣe tó fìdí múlẹ̀ ò ju nǹkan bíi 150 lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lórí iye yẹn. Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìnáwó Ìjẹ̀bú rí lè fẹ́ bá a jiyàn náà, torí pé 150 ò lè kárí aṣọ ẹbí ìdílé kan ṣoṣo. Àmọ́ bí ẹ bá sọ ọ́ di 300, tàbí 400 pàápàá, ó ṣì kù níbìkan sí 1,400. Àwọn tó ṣẹ́ kù yẹn, kí la fi ń ṣe wọ́n?

Ẹ tún wo bí a ṣe ń kọ orúkọ wọn. Fáìlì tí fóònù fi ń gbé orúkọ láti ibì kan lọ sí ibòmíì ni wọ́n ń pè ní vCard, òun lẹ máa ń rí pẹ̀lú .vcf ní ìparí. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ pín orúkọ èèyàn sí ọ̀nà márùn-ún: orúkọ ìdílé, orúkọ ẹni, orúkọ àárín, oyè tó ń ṣáájú, àti ohun tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó bójú mu fún àwọn tó ṣe é. Níbo wá ni ká fi "Ìyá Ìbejì Ojúlé Kejì" sí? Àwa kì í ṣáà pe àgbà lórúkọ. Ọmọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀, ojúlé ẹ̀ tàbí ìlú ẹ̀ la fi ń pè é. Inú àpótí kan náà la máa ń ti gbogbo ẹ̀ bọ̀: "Bọ̀dá Fẹ́mi Kafíńtà", "Ọ̀gá Súlè Aláàwù", "Mọ̀mí Ọ̀rẹ́ Kẹ́mi".

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú fóònù, àjọṣe la ń wò. Nítorí náà ni ìwé orúkọ wa fi ju àkójọ nọ́ńbà lọ. Ẹni tó bá rí "Dókítà Ẹ̀jẹ̀ Ríru", "Lọ́yà Ìkọ̀sílẹ̀" àti "Bàbá Onílé Tuntun" nínú fóònù ẹnì kan ti mọ àìsàn ẹ̀, ó ti mọ ìdààmú ilé ẹ̀, ó sì ti mọ̀ pé ó fẹ́ kó lọ síbòmíì. Gbogbo ìyẹn láìka lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ tó bá wọn sọ.

Ewúrẹ́ tí wọ́n ní ká bá wọn sìn

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó ń fúnni ní nọ́ńbà. Obìnrin tó ń ta léèsì ní Balógun fún oníbàárà ẹ̀ ní nọ́ńbà, kó lè pè é bí ọjà tuntun bá dé. Ọmọ kíláàsì kan fún ẹnìkejì ẹ̀, torí iṣẹ́ àmúṣe tí olùkọ́ gbé fún wọn. Ìyá Ìbejì fún wa ní tiẹ̀ torí pé bí iná bá gbiná lára wáyà tàbí bí ọmọ bá ṣubú ní àtẹ̀gùn, kí ẹnì kan lè tètè pè é. Nọ́ńbà kankan ò wá sọ́wọ́ wa lásán. Ìkọ̀ọ̀kan ló wá pẹ̀lú ìdí.

Yorùbá ti ní òfin fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ẹnì kan bá ní ká bá òun sìn ewúrẹ́, ọgbà wa ni ewúrẹ́ yẹn á máa sùn. Èèpo iṣu wa ni á máa jẹ. Àwa la ó máa lé e wọlé tí òjò bá ṣú. Bó bá bímọ, a lè pín nínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ṣùgbọ́n kò sí bí èèpo iṣu ṣe lè pọ̀ tó tí á fi sọ ìyá ewúrẹ́ yẹn di tiwa, ká wá fà á lọ sọ́jà lẹ́yìn olówó ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ orúkọ tí wọ́n á pè é.

Ohun tí à ń sọ nìyẹn. Fóònù ni ọgbà, dátà ni èèpo iṣu. Nọ́ńbà inú ẹ̀ ṣì ní olówó.

A mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà lásán ni. Mẹkáníìkì kọ tiẹ̀ gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù ní ojú títì. Kí ló wà níbẹ̀ tí à ń fi pamọ́?" Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Mẹkáníìkì fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó ń wá, ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ kọṣẹ́. Bó bá sì sú u, òun ló máa fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ìyẹn gan-an ló fi hàn pé òun ló ni ín. Ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn ni pé kí ẹlòmíì mú nọ́ńbà ẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ ìyàwó ẹ̀ àti tàwọn ọmọ ẹ̀, kó wá kó gbogbo ẹ̀ fún àjèjì.

Òṣómàáló orí fóònù

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ojú ọgbẹ́ ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ áàpù ayánilówó. Ẹ mọ bí ó ṣe rí. Aago mọ́kànlá alẹ́, ara ọmọ gbóná, ilé ìwòsàn ní kí wọ́n san owó sílẹ̀. Áàpù kan ní òun lè yá ẹ ní ₦20,000 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí fọ́ọ̀mù, láìsí onígbọ̀wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí o jẹ́ kí òun wo ìwé orúkọ ẹ. O tẹ "Allow". Owó wọlé. Ọjọ́ sísan dé, owó ò tíì pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ, àna ẹ, pásítọ̀ ẹ àti ẹni tó ń ta gáàsì fún ẹ gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni ẹ́, oníjìbìtì ni ẹ́, kí wọ́n bá àwọn mú ẹ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé ẹni tó jẹ gbèsè ti mọ ohun tó ń bọ̀. Wọn ò purọ́ tán. Láyé àtijọ́, olówó lè rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò á jókòó síbẹ̀, á máa pariwo, á máa dààmú gbogbo ilé títí owó á fi jáde. Ohun tí à ń pè ní dídógò ti ẹnì kan nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láwìn gba orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ wọ́n sí, Òṣómàáló. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ti sọ ìtàn ara ẹ̀: màá lóṣòó síbí títí màá fi gba owó mi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra. Òṣómàáló lóṣòó sílé onígbèsè. Òun fúnra ẹ̀ ló dé, ojú ẹ̀ hàn, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì ń ro ó. Bí ó bá pa irọ́ mọ́ onígbèsè, àdúgbò wà níbẹ̀ láti dá a lóhùn. Áàpù ò lóṣòó síbì kankan. Ó wọ ilé 800 èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò rẹ̀ ẹ́, kò lójú, ẹnikẹ́ni ò sì rí i láti bá a sọ̀rọ̀. Ní ti onígbọ̀wọ́, èyí tó burú jù nìyẹn. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó dìde láàárín ìjọ èèyàn tó ní, "Bí kò bá san án, ẹ wá bá mi." Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́. Áàpù tó ní òun ò fẹ́ onígbọ̀wọ́ ti sọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù di onígbọ̀wọ́, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Ìbejì tó ń sun oorun ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ti dúró fún gbèsè tí kò mọ̀ nípa ẹ̀.

Ìdí tí "Allow" yẹn fi ní kọ́nú-n-kọ́họ nínú nìyí. Ẹnì kan lè yọ̀ǹda ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Kò sí bí a ṣe fẹ́ fi ẹnu tiwa yọ̀ǹda ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíì. Òfin náà ti ń súnmọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni ní Ireland bu owó ìtanràn 225 mílíọ̀nù yúrò lé WhatsApp lórí, lára ohun tí wọ́n sì gbé yẹ̀ wò ni nọ́ńbà àwọn tí kò lo WhatsApp rárá, tó jẹ́ pé inú fóònù ẹlòmíì ni wọ́n ti rí i. Ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde fún àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2022. Google ní láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, áàpù ayánilówó tó wà ní Play Store ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé orúkọ tàbí àwòrán inú fóònù mọ́. Oṣù Kẹfà ọdún yẹn náà ni wọ́n buwọ́ lu Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà.

Ta wá ni ẹ̀bi wà lórí ẹ̀? Àwọn kan á ní orí ẹni tó tẹ "Allow" ni. Àwa ò lè gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ara ọmọ ẹ̀ ń gbóná láago mọ́kànlá alẹ́ ò ní agbára láti bá àpótí onílẹ́tà méjì jà. Ẹ̀bi tó wúwo jù wà lọ́rùn ẹni tó jókòó nínú yàrá tútù, tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìlà kóòdù yẹn, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Tí áàpù bá nílò nọ́ńbà ẹnì kan, bóyá ẹni tí a fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ sí, Android àti iPhone ti ní fèrèsé kékeré kan tí èèyàn á fi fọwọ́ mú ẹni kan yẹn jáde, láìjẹ́ pé áàpù rí àwọn yòókù. Láti iOS 6 lọ́dún 2012 ni iPhone ti ń béèrè ká tó wo ìwé orúkọ. Láti Android 6 lọ́dún 2015 ni Android náà ti ń béèrè lójú ẹsẹ̀ tí áàpù bá fẹ́ lò ó. Láti ọdún 2024, iOS 18 sì ti jẹ́ kí a lè yan àwọn tí a fẹ́ kí áàpù rí, ká fi ìyókù pamọ́. Ẹni tó bá ṣì ń béèrè gbogbo ẹ̀ nígbà tí ẹyọ kan ti tó o, ó yẹ kó sọ ìdí ẹ̀ fún wa.

Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwa tí à ń kọ áàpù, iṣẹ́ ni wọ́n rán wa. Bí ọ̀gá bá ní ká kó gbogbo ìwé orúkọ oníbàárà wá, ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni: "Ọ̀gá, kí la fẹ́ fi ṣe?" Bí kò bá rí ìdáhùn, iṣẹ́ ẹrú nìyẹn, ìdáhùn ọmọ sì ni ká má ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹni méjì

Bí nọ́ńbà bá rí bẹ́ẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ńkọ́? Ìyẹn tilẹ̀ jinlẹ̀ sí i, torí ó ní olówó méjì.

SMS àkọ́kọ́ tó kọjá lórí ẹ̀rọ, ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni. Neil Papworth ló fi kọ̀ǹpútà fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹnì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ó kú ọdún Kérésì. Ọ̀rọ̀ kúkurú, ẹni kan sí ẹni kan. Àwọn tó ṣètò SMS fún un ní ààyè lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n 160 yẹn, lẹ́tà tí wọ́n kà sí ni. Lára lẹ́tà wọn, ẹ ó rí à àti è, ẹ ò ní rí ẹ, ọ tàbí ṣ. Bí a bá fi ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sínú SMS, fóònù á yí ọ̀nà ìkọ̀wé pa dà, 160 á sì di 70. Lẹ́tà bí ẹ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, sábà máa ń jẹ ààyè méjì. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá kọ Yorùbá dáadáa á san owó SMS méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ Òyìnbó san owó kan fún.

Kí la ṣe? A yọ gbogbo àmì kúrò. Bí ọ̀rẹ́ wa obìnrin bá wá kọ "mo ti ri oko", àwa tí a mọ̀ pé ó ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ìbàdàn láti àárọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ọkọ ló rí, tàbí pé ọ̀rọ̀ oko ẹ̀gẹ́ ló wà nílẹ̀. Àjọṣe wa pẹ̀lú ẹ̀ ló ń bá wa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò rí fún àwọn baba wa. Owó ẹyọ méjì tí wọ́n so kojú síra ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀, méjì tí wọ́n so kẹ̀yìn síra ń sọ̀rọ̀ ìjà, àmọ́ ẹni tí wọ́n rán an sí ló mọ ohun tó fà á.

Èyí ló ń bà wá nínú jẹ́ nípa àṣà yíya àwòrán ojú fóònù ká fi ránṣẹ́ kiri. A ya ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ fún wa lálẹ́, a jù ú sínú gúrúùpù èèyàn 200. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn, àjọṣe tó túmọ̀ ẹ̀ ò bá a dé ibẹ̀. Àwàdà á di èébú. Ìbẹ̀rù á di ìwà òmùgọ̀. Lóòótọ́, àwa la gba àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, àmọ́ ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ tiwa.

A mọ̀ pé ó ní ibi tí èyí dé dúró. Ẹni tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin kan, olùkọ́ tó ń fi máàkì béèrè ohun tí kò yẹ, ẹni tó gba owó lọ́wọ́ èèyàn tó wá ń sá: àwọn wọ̀nyí ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ṣe ohun ìjà ti yọ ara ẹ̀ kúrò nínú àdéhùn. Kí a tọ́jú ẹ̀, ká fi han ẹni tó lè gbà wá. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó lè gbà wá. Ó yàtọ̀ sí gbogbo ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nọ́ńbà àwọn tó ti lọ

Ibì kan wà nínú ìwé orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Bàbá tó ti kú. Ọ̀rẹ́ tí mọ́tò pa lójú ọ̀nà márosẹ̀. Àbúrò. Àtàǹpàkò á dé ibi tí orúkọ yẹn wà, á kọjá. Fóònù lo ọ̀rọ̀ tó le jù: ó ní ká "pa á rẹ́". Ta ló fẹ́ pa ìyá ẹ̀ rẹ́?

Àwọn kan ń ṣe ju ká fi í sílẹ̀ lọ. Wọ́n ṣì ń kọ̀wé sí i. "Màámi, mo ti rí iṣẹ́." "Bàámi, a sọ ọ́ ní orúkọ yín." A ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Ẹni tó ń bá òkú ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí sàréè ló yí pa dà sórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìlànà àjọ NCC gbà kí iléeṣẹ́ fóònù ti ìlà tí ẹnikẹ́ni ò fi pè tàbí ná owó lórí ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gba nọ́ńbà yẹn pa dà, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíì. Nọ́ńbà Màámi lè ti wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 19 kan ní Ẹdẹ, tó rà á láìmọ ẹni tó lò ó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ẹkún wa ń wọlé tọ̀ ọ́ lóru. Bí Màámi bá sì ti fi nọ́ńbà yẹn ṣí àkáǹtì báńkì tí ẹbí ò tíì lọ tì, kóòdù OTP báńkì náà lè máa lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, a rò pé ó yẹ ká ya orúkọ sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà. Orúkọ ló jẹ́ ti ẹni tó lọ. Nọ́ńbà, àwìn ló gbà á. Ẹ tọ́jú orúkọ ẹ̀, ẹ tọ́jú àwòrán ẹ̀ àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀, ẹ kó wọn síbi tí fóònù tó bá bàjẹ́ ò ti lè gbé wọn lọ. Ẹ sọ fún báńkì. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ nọ́ńbà yẹn. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni rẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ Ẹdẹ yẹn sinmi ni.

Kí la wá fẹ́ ṣe?

A ò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù ẹ̀ nù. Èyí tó ṣeé ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé orúkọ yín jáde sínú fáìlì .vcf, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀. Ẹ da àwọn tó di méjì pọ̀, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti +234. Ẹ wọ ibi tí fóònù ti ń ṣètò ìyọ̀ǹda, ẹ wo áàpù tó ń ka ìwé orúkọ yín. Áàpù iná tọ́ọ̀ṣì ò ní iṣẹ́ kankan pẹ̀lú Ìyá Ìbejì. Ẹ gba ìyọ̀ǹda yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó bá ń dí yín lójú, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Ní ti ìjíròrò tí kò yẹ kó pẹ́, WhatsApp lè pa á rẹ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ò lè bá wa ṣe. Ẹ wo orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi ara yín: ìdí tí ẹni yìí fi fún mi ní nọ́ńbà, ṣé ó ṣì wà? Bó bá ti tán, ẹ yọ ọ́, ewúrẹ́ ti délé olówó ẹ̀. Bó bá ṣì wà, bóyá ẹ ó rí i pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ ti pè é gbẹ̀yìn. Ẹ pè é. Bí ẹnì kan bá sì ní kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín, ẹ ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi í ná." Gbólóhùn kékeré yẹn lágbára ju òfin lọ, torí inú òfin ni ìtanràn wà, inú gbólóhùn yẹn ni ọ̀wọ̀ wà.

Nọ́ńbà tiwa náà wà káàkiri. Nínú fóònù oníkẹ̀kẹ́ tó gbé wa lẹ́ẹ̀kan, nínú tẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wa, nínú ti ọmọ kíláàsì tí a ò rí láti ọdún mẹ́wàá. Ní fóònù ẹnì kan lónìí, àwa ni "Túndé kan ṣá". Bóyá lálẹ́ òní, àpótí kékeré kan á yọ lójú fóònù yẹn, á béèrè bóyá kó kó gbogbo orúkọ lọ. A ò ní sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ohun tí a bá fẹ́ kí ẹni yẹn ṣe fún wa lákòókò yẹn, òun gan-an ni gbèsè tí a jẹ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù tiwa.